Kọ́bọ̀ Oníhò Tí Mo Gbé Lọ sí Birmingham

Wọ́n bó ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kúrò lára kọ́bọ̀ bàbá ìyá mi, wọ́n sì ní kí n wá dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, àwọn kan ti ń rò pé orí mi ti dàrú. Àwọn ará ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti rò bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n wọn nǹkan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, láti ilé dé ọ̀hún, láti ọ̀hún padà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kà á tán ná.

Ohun tó wà lọ́rùn ìyá mi

Ìyá mi pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún lọ́dún tó kọjá. Ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ẹnu rẹ̀ kò sì rò ó rárá pé òun ń lọ síbì kankan. Ìjẹ̀bú-Ìmùṣìn ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá rẹ̀, Tìmótì Odùfúwà, tó jẹ́ káfíńtà, sọ fún wọn nílé pé òun fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Èkó. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó fi kọ́bọ̀ tuntun kan lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó nihò láàárín, irú tí wọ́n ń ná láyé òyìnbó. Kí kọ́bọ̀ náà má baà dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ yòókù nínú ilé, ó mú fáìlì tó fi ń pọ́n ayùn, ó fi gé etí owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kó tọ́jú rẹ̀, òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Lẹ́tà kò dé. Òkú kò dé.

Iwájú ilé ni sàréè àwọn àgbà wà nílé wa ní Ìmùṣìn. Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Àjíǹde, oníkálukú á gbá ìdí sàréè tirẹ̀, á fi omi fọ̀ ọ́, á sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Bàbá ìyá mi kò ní sàréè. Kọ́bọ̀ yẹn ni ìyá mi ń fọ̀. Bí àwọn yòókù bá ti gbé garawa jáde, òun náà á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, á jókòó sáàárín àwọn sàréè, á bu eérú sínú àwo, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á wá máa fi àtàǹpàkò ra owó náà títí yóò fi dán. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀ ọ́. Bó bá parí, á fi òwú tuntun kọ́ ọ, á so ó padà mọ́ ọrùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, n kò fọwọ́ kan owó náà tó ìgbà mẹ́wàá láyé mi.

Ẹni tó bá mọ ohun tí eérú àti omi ọsàn ń ṣe sára irin yóò mọ bí owó náà ṣe rí. Adé tó wà lójú rẹ̀ ti di òjìji. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Òwú ti jẹ ihò rẹ̀ lápá òkè, tó fi jẹ́ pé ihò náà kò rí roboto mọ́, ó gùn bí ojú abẹ́rẹ́. Ibi tí fáìlì ti gé e ti kúnná débi pé ìyá mi nìkan ló lè fi ọwọ́ wá a rí.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí à ń pè ní Bọ̀dá Káyọ̀dé, ará Ayépé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, owó àtijọ́ ló sì ń kó jọ, bí àwọn mìíràn ṣe ń kó fìlà jọ. Ó wá kí ìyá mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ lọ sí ọrùn màmá, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí òun wò ó. Ó yọ dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá láti inú àpò, ó kúnlẹ̀ síwájú àga màmá, ó sì wo owó náà títí oúnjẹ tí mo gbé fún un fi tutù.

Ó ní lẹ́tà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìràwọ̀ náà, tó ń sọ ilé tí wọ́n ti rọ owó ọ̀hún ní Birmingham, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òǹtẹ̀ tẹ lẹ́tà yìí, ọ̀kan gun orí èkejì. Ó ní gbogbo owó tó bá jáde lábẹ́ òǹtẹ̀ kan náà ló máa ní àṣìṣe kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ rí i kí wọ́n tó yọ òǹtẹ̀ náà sọnù, torí náà irú owó bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Òun kò tíì fojú kan irú èyí rí.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́."

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Káyọ̀dé, ṣé wọn kì í fọ sàréè ní Ayépé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Birmingham gan-an tí wọ́n ń fún owó àtijọ́ ní máàkì, láti oókan dé àádọ́rin. Bí wọ́n bá ti fún un ní máàkì, wọ́n á dè é mọ́nú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín sórí pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ike náà. Ó ní èyí tó jẹ tó báyìí kò lè gbà ju máàkì mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n nítorí lẹ́tà yẹn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ìyá mi kò tilẹ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ máàkì. Ó bi í pé, "Orúkọ bàbá mi ni wọ́n máa kọ?"

"Orúkọ bàbá yín ni, Màmá."

"Kò ní parẹ́?"

"Inú ike ló wà, kò ní parẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ní òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ bàbá yín sí níwájú ilé lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kò síbi kankan lábẹ́ ọ̀run tí wọ́n kọ orúkọ Tìmótì Odùfúwà sí. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó tú òwú náà fúnra rẹ̀, ó sì fi owó náà sí mi lọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé mo ń múra àtilọ tọ́jú ọmọ tí Ṣadé ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, Birmingham ni òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé.

Kí n tó kúrò nílé, Bọ̀dá Káyọ̀dé ya àwòrán owó náà ní ojú méjèèjì àti etí. Èmi mú un lọ sí yàrá ìdánwò ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó jẹ́ gíráàmù mẹ́jọ àti díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìlú tó ń tọrọ àforíjì

Oṣù kọkànlá ni mo débẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nípa ìlú yẹn ni bí ọ̀sán rẹ̀ ṣe kúrú tó. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán, tí mo fọ abọ́, tí mo ní kí n yọjú síta, ilẹ̀ ti ń ṣú, aago mẹ́rin kò sì tíì lù. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé, gbogbo wọn so mọ́ra, fèrèsé wọn kéré. Lẹ́yìn ilé Ṣadé, omi kan wà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ láyé àtijọ́. Kì í ṣàn. Ewé tó bá já sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ojú kan náà lẹ máa bá a lọ́jọ́ Ẹtì.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn gan-an ló máa tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n wọn kì í kí ni. Lówurọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kí ìyá àgbà kan tó ń bọ̀ lójú títì pé ẹ káàárọ̀, ní èdè wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mo ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó yára kọjá. Láti ọjọ́ náà, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn fúnra mi.

Ní ti oúnjẹ, ọkọ Ṣadé ra ẹja díndín àti ànàmọ́ òyìnbó wá, wọ́n da ọtí kíkan lé e lórí títí bébà tí wọ́n fi wé e fi rin gbindin. Mo jẹ ẹ́, nítorí àna mi ni. Ṣadé ro ìkọ́kọrẹ́ fún mi lọ́jọ́ kẹta. Ó ti rìn jìnnà kó tó rí ewùrà rà, ṣùgbọ́n ewùrà náà ti pẹ́ nínú yìnyín, kò lẹ̀, ó rí jálajàla bí ohun tí ọmọ jẹ tó sì bì. Ọmọ mi ń wo ojú mi. Mo ní ó dùn. Gààrí tí mo gbé láti ilé ni mo ń rẹ mu láàárọ̀ nínú òtútù yẹn, eyín mi ń gbọ̀n. Kọ́bọ̀ náà wà nínú aṣọ funfun kan lábẹ́ ìrọ̀rí mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ara ènìyàn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò.

Ilé tí wọ́n ti ń bo ẹnu

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà níbí. Wọ́n mọ ara wọn, lẹ́tà mi sì wà lọ́wọ́ wọn.

Aago méjì ọ̀sán ni mo débẹ̀. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó kí mi. Mo rò pé ó fẹ́ húkọ́ ni. Mo wọ yàrá gígùn kan, aṣọ dúdú wà lójú gbogbo fèrèsé. Ènìyàn bí mẹ́jọ jókòó, oníkálukú nídìí tábìlì tirẹ̀, pẹ̀lú iná kan ṣoṣo tó tẹ orí ba. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, á dìde kúrò nídìí tábìlì, á kọjú sí ògiri, á fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹnìkejì á wá gbé etí sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

Obìnrin náà rí i pé mo ń wò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ṣàlàyé fún mi pé bí itọ́ tó kéré jù lọ bá ta sójú owó, kò ní hàn lónìí, ṣùgbọ́n tó bá dọdún díẹ̀ sí i, á di àmì dúdú tí kò ní lọ mọ́. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu ni. Èmi náà ti na ọmọ rí torí pé ó mí sórí òṣùwọ̀n.

Ọkùnrin arúgbó kan, tí irun orí rẹ̀ funfun báláú, ló wá gba owó náà. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán owó lórí àtẹ́lẹ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Mo tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tí ásíìdì ti jó láyé ọjọ́un. Wọ́n yà á. Ojú owó ni èmi ń wò, n kò wo àwòrán. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo sì gbà á.

Mo kọ orúkọ bàbá ìyá mi sínú ìwé wọn, mo kọ ìlú rẹ̀, mo kọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá bi arúgbó náà bóyá wọ́n máa fọ owó náà, torí Bọ̀dá Káyọ̀dé ti ní kí n béèrè. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi ju fífọ̀ lọ nínú iṣẹ́ àwọn. Mo ní ẹ ó ṣàánú wa o, nítorí ìyá mi ti fi eérú àti ọsàn fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ó wo owó tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi. Ó bo ẹnu, ó ní, "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Mo tún un sọ. Ó fi ìka méjì mú etí owó náà, ó gbé e dání bí ẹyin, ó sì ń bá a lọ sí ìsàlẹ̀ yàrá. Bó ṣe ń kọjá, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró títí ó fi kọjá wọn, wọ́n sì tún jókòó. Mo ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dìde bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé òkú kọjá ni.

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Òórùn ọsàn

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó àbúrò mi, tó ń dúró ti ìyá mi nílé, pè mí lórí fóònù. Ó ní màmá kò jẹ́ kí òun gbádùn láti àárọ̀, wọ́n ní èmi ni àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìjẹ̀bú ni ìyá mi ń sọ. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa fi lè kà á.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń fọ owó bàbá mi?"

Mo ní kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́, Màmá, wọ́n kàn ń wò ó ni.

"Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jí. Mo ti fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi bóyá màmá fọwọ́ kan ọsàn. Ó ní ọsàn kan kò sí nílé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun náà gbé ọwọ́ wọn sí imú, òun sì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo padà lọ. Arúgbó náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ti sunkún. Ó gbé ike náà lé mi lọ́wọ́. Orúkọ Tìmótì Odùfúwà wà lórí pépà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Lábẹ́ orúkọ náà, wọ́n kọ máàkì: mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú àádọ́rin. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ pé a kò tíì ná owó yìí rí.

Owó náà ń kọ mànà. Adé yọ kedere, mo lè ka òkúta tó wà lára rẹ̀. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú bí ojú ọ̀bẹ. Ihò àárín rẹ̀ rí roboto.

Mo ní èyí kì í ṣe tèmi. Arúgbó náà fi dígí rẹ̀ hàn mí lẹ́tà abẹ́ ìràwọ̀, tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé lẹ́tà yẹn kò fi nǹkan kan hàn ju òǹtẹ̀ tí owó náà ti jáde lọ, kò lè sọ ọwọ́ ẹni tó ti kọjá, òun tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó wá gbé àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí mo wá jáde. Ọwọ́ mi ni. Àpá ásíìdì mi ni. Owó tó wà láàárín àtẹ́lẹ́wọ́ náà sì ń dán bí èyí tó wà nínú ike.

Ó bo ẹnu, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí èyí tó mọ́ tó báyìí. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀."

Mo pariwo. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Mo pariwo nínú ilé tí wọ́n ti ń bo ẹnu, gbogbo wọn sì sáré fi ara bo tábìlì wọn bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta pẹ̀lú ẹ̀wù tó sá. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ló mú mi jáde, jẹ́jẹ́, ó ń tọrọ àforíjì. Ó ní ṣé mo mọ iye ènìyàn tó ń sunkún jáde níbí nítorí pé máàkì wọn kéré, èmi wá ń bínú torí pé tèmi pọ̀.

Ilé

Bọ̀dá Káyọ̀dé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì tí mo dé. Ó ti gbọ́ iye máàkì náà lórí fóònù, ó sì ra àkàrà òyìnbó dání. Nígbà tí mo gbé ike náà lé e lọ́wọ́, ó wò ó, ó yọ fóònù rẹ̀, ó wo àwòrán tó yà kí n tó lọ. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àwòrán tirẹ̀, owó náà dúdú, ihò rẹ̀ gùn. Ó jókòó.

Ìyá mi ní kí n gbé owó bàbá òun fún òun. Mo gbé ike lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka yí i ká.

"Kí ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀?"

Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Ike ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣí i. Tí a bá ṣí i, máàkì rẹ̀ lọ nìyẹn."

"Káyọ̀dé, sàréè ni mo ní kí ẹ bá mi kọ orúkọ sí. N kò ní kí ẹ sin ín sínú ike."

Mo gbé ọmọ ọlọ láti ilé ìdáná, mo fi fọ́ ike náà. Bọ̀dá Káyọ̀dé bojú wo ògiri. Mo mú owó náà kúrò láàárín àfọ́kù. Ó tutù. Ìyá mi gbà á, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ adé, ó yí i sí ìràwọ̀, ó tọ etí rẹ̀ yí po. Lójijì ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kékeré kan yọ lórí ìka rẹ̀.

Ojú ibi tí fáìlì gé ni. Ó wà níbi tó ti wà látijọ́, lára owó náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú, èérún irin ṣì wà lẹ́bàá rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gé e láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé wọ́n pààrọ̀ owó mọ́ mi lọ́wọ́ ni, èmi náà ìbá fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olè ni ìyẹn, a mọ bí a ṣe ń mú olè. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ mìíràn tí káfíńtà Ìmùṣìn gé létí. Ẹ sì tún wo ìwà àìbìkítà wọn: wọ́n fi dígí wo owó yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ibi tí fáìlì gé sì hàn létí rẹ̀ gbangba. Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ fún mi pé ibi gígé yẹn nìkan tó kí wọ́n má ṣe fún un ní máàkì kankan.

Mo gbé e lọ sí yàrá ìdánwò. Òṣùwọ̀n kan náà, àga kan náà. Ó lé ní gíráàmù mẹ́sàn-án. Mo tún un wọ̀n títí ó fi rẹ̀ mí. Kò sí ohun tí ẹ lè fi fọ irin tí yóò fi wúwo sí i. Fífọ̀ a máa mú irin lọ ni. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, àti ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ yín, kò sí èyí tó lè dá irin tí òwú ti jẹ padà sára ihò.

Nígbà tí mo padà délé, mo bá ìyá mi lórí ibùsùn, mo gbé owó náà lé e láyà. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ó yẹ kí n sọ pé awọ líle kan wà ní orí àtàǹpàkò ọ̀tún ìyá mi, ibi tó fi ń ra owó náà, ó yi bí gìgísẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń ha mí lára tó bá ń wẹ̀ mí. Mo wá a lọ́jọ́ náà, n kò rí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ti ọmọ Ṣadé.

Ó ní, "Bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tó fi lé mi lọ́wọ́." Ó tún bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń fọ̀ ọ́, níbo ló lọ?"

Sátidé Àjíǹde

A lọ sí Ìmùṣìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àwọn ará ilé gbé garawa jáde. Mo gbé àpótí ìyá mi sí ibi tó máa ń jókòó sí, mo bu eérú, mo fún ọsàn. Ó fi owó náà sí àtẹ́lẹ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ kiri. Ó ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí òun lè fọ̀. Ó ní kí n da eérú náà nù.

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n mú òun lọ sẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí títì. Ó jókòó síbẹ̀ títí a fi ń lọ. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ọ̀kadà bá dín eré kù, á gbé orí sókè. Bí ẹnì kan bá fi bàtà gbá òkúta, á ní kí n yọjú. Mo ní, Màmá, ta lẹ ń retí? Ó ní ó yẹ kí bàbá òun ti máa bọ̀, nítorí àárọ̀ yìí náà ni ó lọ.

Kì í ṣe pé arán ti mú ìyá mi. Ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ iye tí mo ra ẹ̀wà, ó ń bá mi jà lórí iyọ̀. Ohun tó sọnù ni ọ̀fọ̀ tó ti ṣe. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọsàn àti eérú, títí ọkàn rẹ̀ fi gbà pé bàbá òun kò ní wálé. Wọ́n ti mú un padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin mìíràn nílẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ilé iṣẹ́ náà, mo fi àwòrán Bọ̀dá Káyọ̀dé àti ìwé òṣùwọ̀n mi sí i. Èsì tó wá kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní owó inú àwòrán yẹn kọ́ ni mo mú wá. Èyí tí mo mú wá ló wà lọ́wọ́ mi. Mo sì ti fọ́ ike rẹ̀, kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe sí i. Wọ́n kí mi kú oríire.

Ẹ má kí mi kú oríire mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gba owó lọ́wọ́ mi ní ọ̀sán gangan, ẹ dá mi lóhùn. Kí lẹ ṣe sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn? Irin tí òwú jẹ, níbo lẹ ti rí i? Kí ló dé tí ẹ dìde nígbà tó ń kọjá, kí ni ẹ mọ̀ tí ẹ kò sọ fún mi? Arúgbó tó bi mí pé ta ló fọ̀ ọ́, kí ló rí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kí ló sì pa á lẹ́kún? Ẹ̀yin náà, Bọ̀dá Káyọ̀dé, ta ló júwe ilé náà fún yín, ta lẹ mọ̀ tó gbé owó lọ síbẹ̀ ṣáájú mi, báwo sì ni àwọn ìyá tiwọn ṣe wà nílé? N kò fẹ́ máàkì. N kò fẹ́ ike tuntun. Ohun tí ẹ kó kúrò lára owó náà ni mo fẹ́, bó bá sì ṣe pé kò ṣeé dá padà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sọ ibi tí ẹ kó o sí.

Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ni ìyá mi ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò tó kọjá yẹn dúró. Ẹ sọ ohun tí n ó wí fún un.